Ṣé ṣúgà lásán ni mithai? Ìbéèrè lórí ṣíṣe àti títa àdídùn ilẹ̀ Íńdíà

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Pune ni mo wà, ìwé ni mò ń kà níbẹ̀. Ọmọ Íńdíà kan tí a jọ ń gbé ilé kan náà fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù mithai, ó sì ní kí n dá owó sí i. Mo bá wọ ọjà lọ láti fojú ara mi rí i. Ṣọ́ọ̀bù kan ń ta kìlò kaju katli kan, àdídùn tí wọ́n fi kajú ṣe, ní ẹgbẹ̀rún rúpìì ó lé. Èyí tó wà ní òdìkejì títì ń ta ohun tó jọ ọ́ bí ìbejì ní ìdajì owó yẹn. Lójú tèmi, ṣúgà ni gbogbo rẹ̀. Ṣé iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n ń gbowó lé ni, àbí orúkọ tó wà lára páálí? Ẹ má fi òótọ́ pamọ́ fún mi o, owó tí mo fi ń jẹun ni mo fẹ́ kó síbẹ̀.

* * *

Àbúrò, nínú gbogbo ohun tó wà nílé ìdáná wọn, ṣúgà ni owó rẹ̀ kéré jù. Wàrà ni kí o máa wò.

Lọ sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù tó ń ṣe tirẹ̀ fúnra rẹ̀ láàárọ̀ kùtù, níbi tí àwọn halwai, ìyẹn àwọn tó fi ṣíṣe mithai ṣiṣẹ́ ṣe ní àríwá Íńdíà, ti ń dáná. Agbada irin fífẹ̀ tí wọ́n ń pè ní kadhai á wà lórí iná, wàrà á máa hó nínú rẹ̀, ẹnìkan á dúró tì í, á máa fi ṣíbí irin gígùn ha ìdí agbada láìsinmi. Tó bá gbójú kúrò díẹ̀, wàrà á jóná mọ́ ìdí, òórùn jíjóná á wọ gbogbo rẹ̀, kò sì sí ṣúgà tó lè bo òórùn yẹn. Ohun tó ń dúró dè ni kí omi inú wàrà gbẹ, kó ku èyí tó dì, tó sì ń dán fún ọ̀rá. Khoya nìyẹn, àwọn mìíràn ń pè é ní mawa. Ara rẹ̀ ni àwọn àdídùn bíi barfi, pedha àti gulab jamun ti ń jáde.

Jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Lítà wàrà márùn-ún ló ń di nǹkan bíi kìlò khoya kan. Ti ẹfọ̀n máa ń pọ̀ ju ti màálù lọ díẹ̀ nítorí ọ̀rá rẹ̀. Ní ìlú ńlá, lítà wàrà kan jẹ́ nǹkan bí 60 rúpìì. Ìyẹn ti di 300 rúpìì kí o tó ka gáàsì, kí o tó ka owó ẹni tó ń ha agbada, owó ilé àti owó iná. Ẹni tó ń gba wàrà lọ́wọ́ àgbẹ̀ á rí i rà ní owó tó dín díẹ̀, mo gbà. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá ń ta kìlò barfi wàrà kan ní 250 rúpìì, tó sì ń jèrè lórí rẹ̀, ohun tó pọ̀ nínú barfi yẹn kì í ṣe wàrà.

Èrò mi nìyí, mo sì dúró lé e: wàrà àti ọjọ́ ni wọ́n ń tà nínú òwò yìí. Wàrà mélòó ló wọ inú rẹ̀, ọjọ́ mélòó ló sì kù kó tó bàjẹ́? Ẹni tó bá lè dáhùn méjèèjì lórí ohun kọ̀ọ̀kan tó wà nínú gíláàsì ìpàtẹ rẹ̀ mọ ohun tó ń ṣe. Bi ọ̀rẹ́ rẹ léèrè, kí o gbọ́ ohun tó máa sọ.

* * *

Ìdáhùn ti pọ̀, ẹ ṣeun. Ohun tí púpọ̀ nínú yín sọ kò ju méjì lọ. Apá kan ní orúkọ ni wọ́n ń sanwó fún. Apá kejì ní kajú ló gbówó lérí.

Ní ti orúkọ, mi ò ní bá yín jiyàn púpọ̀. Haldiram's bẹ̀rẹ̀ ní Bikaner, ní Rajasthan, ní 1937. Lónìí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ìlú tí àwọn ará Íńdíà ń gbé tí o kò ti ní rí páálí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé bhujia, ìpápánu oníyọ̀ gbígbẹ, ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ohun gbígbẹ ló ń gbé orúkọ rìn jìnnà. Ẹni tó ń ṣe kalakand, àdídùn wàrà tútù tó máa kan ní ọ̀la, kò lè di ńlá lọ́nà yẹn, bó ti wù kó mọ iṣẹ́ tó.

Ní ti kajú, ẹ tọ̀nà. Ọmọ inú kajú ni wọ́n ń rẹ tàbí kí wọ́n lọ̀ ọ́ ní gbígbẹ, kí wọ́n tó rò ó pọ̀ mọ́ omi ṣúgà títí á fi ṣù, wọ́n á yí i pẹlẹbẹ, wọ́n á fi ọ̀bẹ gé e ní igun mẹ́rin dídà. Kaju katli tó dára, kajú inú rẹ̀ tó ìlọ́po méjì ṣúgà. Omi ṣúgà yẹn gan-an níṣẹ́: wọ́n á kán an sórí ìka, wọ́n á fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, wọ́n á là á, tó bá fa okùn kan ṣoṣo, ó ti tó. Tí kò bá tíì fa okùn, katli á rọ̀ bí ẹ̀kọ. Tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, á le, á sì máa rún. Ìwọ̀n ìṣẹ́jú díẹ̀ ló wà láàárín méjèèjì, ojú àti ìka ni wọ́n sì ń lò.

Ẹni tó kọ̀wé láti Ògbómọ̀ṣọ́ béèrè bóyá kajú tiwa wà nínú rẹ̀. Ó ṣeé ṣe dáadáa. Kajú tó ń jáde láti Ògbómọ̀ṣọ́, láti Kogi, láti orílẹ̀-èdè Benin àti Côte d'Ivoire, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Íńdíà àti Vietnam pẹ̀lú èèpo lára. Kollam, ní Kerala, jẹ́ ọ̀kan nínú ibi tí wọ́n ti ń là á láti ọjọ́ pípẹ́. Obìnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà. Kìlò mẹ́rin sí márùn-ún tó wà nínú èèpo ló ń di kìlò ọmọ inú kan. Owó tí àgbẹ̀ wa ń gbà lórí àpò kò jọ owó tó wà lórí páálí katli rárá, ó sì ń dùn mí. Ìjọba Benin ti rí i: wọ́n kéde pé láti oṣù kẹrin ọdún 2024, kajú tí wọn ò tíì là kò gbọdọ̀ jáde nílùú mọ́.

Padà sí ṣọ́ọ̀bù olówó pọ́ọ́kú tí o rí lódìkejì títì. Ó lè jẹ́ kajú fífọ́ ló ń lò. Kò sí àbùkù nínú ìyẹn, lílọ̀ náà ni wọ́n máa lọ̀ ọ́, mi ò sì rí ìdí tí èèyàn á fi san owó odindi. Ó sì lè jẹ́ ẹ̀pà ló pò mọ́ ọn. Ìyẹn ni mo kọ̀. Àwọn kan wà tí ẹ̀pà lè pa, wọ́n sì ra kajú tọkàntọkàn. Fi òwúrọ̀ kan ra díẹ̀ níbi méjèèjì, mú un jókòó, fi imú àti ahọ́n wá ẹ̀pà. Òórùn ẹ̀pà kì í sá pamọ́ pátápátá.

* * *

Mama kan láti Ìsẹ́yìn, tí wọ́n ń ta wàrà, kọ̀wé pé chhena, wàrà dídì tí àwọn ará Bengal ní ìlà oòrùn Íńdíà fi ń ṣe àdídùn, kò jẹ́ tuntun: “Wàrà ni, ọmọ mi. Bòmubòmu la fi ń dì í, a ti ń ṣe é kí wọ́n tó bí ọ.”

Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n lóòótọ́. Wàrà màálù ni méjèèjì, ẹ ó dì í, ẹ ó sẹ́ omi rẹ̀ kúrò. Ibi tí wọ́n ti pínyà ni ohun tí ẹ fẹ́ kó ṣe lẹ́yìn náà. Wàrà tiyín, oje ewé bòmubòmu ni ẹ fi ń mú un dì wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ ó kó o sínú apẹ̀rẹ̀ kó lè mú ìrísí rẹ̀, ẹ sì fẹ́ kó dúró ṣinṣin nínú òróró gbígbóná. Àwọn ará Bengal, wàrà tó ti hó ni wọ́n ń da oje ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí omi wàrà àná tó ti kan sí. Lójú ẹsẹ̀ ló ń fọ́ sí wẹ́wẹ́. Wọ́n á dà á sínú aṣọ fẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á so ó kọ́ kí omi máa ro. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ pò ó lórí pákó, títí kò fi ní sí hóró kankan nínú rẹ̀. Tí ọ̀rá bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ sí wọn lọ́wọ́, wọ́n ti pò ó kọjá. Wọ́n á ṣù ú roboto, wọ́n á sọ ọ́ sínú omi ṣúgà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń hó kùkù, á sì wú tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di méjì ara rẹ̀. Rasgulla nìyẹn. Àwọn tó mọ iṣẹ́ ò jẹ́ fi wàrà ẹfọ̀n ṣe é, torí le ni ti ẹfọ̀n máa ń le.

Mo gbé Kolkata, ìlú ńlá Bengal, fún ìgbà pípẹ́, mo sì máa ń dúró wo àwọn tó ń pò chhena lẹ́bàá ilé mi. Ọjọ́ tí òjò bá rọ̀, wọn kì í so aṣọ náà fún àkókò kan náà bí ti ọjọ́ oòrùn. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀ fún wọn. Chhena tó gbẹ jù máa sán nínú omi ṣúgà, èyí tó tutù jù máa tú. Mà, ẹ̀yin tí ẹ ń di wàrà máa mọ ohun tí mò ń sọ ju àwa tó kù lọ.

* * *

Mo mọ̀ pé tí mo bá ti dárúkọ Bengal, ará Odisha, ìpínlẹ̀ tó bá Bengal pààlà, kan á dìde. Ó ti dìde. Ó ní ìran àwọn ló ni rasgulla, pé ní tẹ́ḿpìlì Jagannath ní Puri ni wọ́n ti ń fi tu òrìṣà obìnrin Lakshmi lójú nígbà tí ọkọ rẹ̀ bá ti ìrìn àjò ọdún kẹ̀kẹ́ dé. Àwọn ará Bengal ní Nobin Chandra Das ló dá rasgulla tó rí bíi kànrìnkàn sílẹ̀ ní Bagbazar, ní Kolkata, ní 1868.

Àwọn tó ka ìwé ìròyìn ní 2017 rò pé Bengal ti borí. Wọn ò borí. Àmì ìdánimọ̀ ibi tí nǹkan ti wá ni ìjọba Íńdíà fún “Banglar Rasogolla” lọ́dún náà. Ní 2019, wọ́n fún “Odisha Rasagola” ní tirẹ̀. Ti Bengal funfun, ó sì ń ta pọ́n-ún tí o bá tẹ̀ ẹ́. Ti Odisha rọ̀ jù bẹ́ẹ̀, ó sì sábà máa ń pupa rẹ́súrẹ́sú. Àwọ̀ méjì, ọwọ́ méjì. Fún ẹni tó fẹ́ tajà ní Pune, ohun tó kàn án ni pé ó lè ta rasgulla bó ṣe wù ú, ṣùgbọ́n kó má kọ orúkọ Banglar Rasogolla sára páálí tirẹ̀.

Ẹnìkan béèrè bóyá inú agolo ló máa rọrùn jù láti tà á. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é: ilé iṣẹ́ K.C. Das, ti ọmọ Nobin, ti ń kó rasgulla sínú agolo láti 1930. Agolo ló gbé e dé Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà. Mo ti jẹ méjèèjì, mi ò sì lè fi wọ́n wé ara wọn. Ti agolo máa ń ki, ṣúgà rẹ̀ á pọ̀ torí kó má bàa bàjẹ́. Èyí tí wọ́n bù fún ọ nínú ìkòkò amọ̀ kékeré ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, ọ̀tọ̀ ni.

Ẹ wo bí wàrà ṣe lágbára tó nínú ọ̀rọ̀ yìí: ní 1965, ìjọba West Bengal fòfin de mithai tí wọ́n fi chhena ṣe nítorí wàrà kò tó fún àwọn ọmọdé. Àwọn oníṣòwò kò gbà, òfin náà kò sì sí mọ́. Mi ò mọ ibòmíràn tí ìjọba ti bá ilé àdídùn jà lórí wàrà báyẹn.

* * *

Ọ̀rọ̀ páálí wá. Òun ló mú ìbínú wá jù nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ, mo sì mọ ìdí rẹ̀.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí. O ní kí wọ́n wọn kìlò kan fún ọ. Ẹni tó ń tajà á gbé páálí òfìfo sórí òṣùwọ̀n, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í to katli sínú rẹ̀ títí òṣùwọ̀n á fi ka kìlò kan. Páálí tó nípọn, tó ní àwòrán góòlù lára, lè wọn tó ọgọ́rùn-ún gíráàmù. Tí kìlò kan bá jẹ́ ẹgbẹ̀rún rúpìì, o ti fi ọgọ́rùn-ún rúpìì ra pépà. Lọ́jọ́ Diwali, ọdún iná àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù, tí èèyàn ń ra páálí mẹ́wàá fún ará àti ọ̀rẹ́, ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín.

Ẹnìkan láti Èkó kọ̀wé pé lọ́jà tiwa, èénì ni oníṣòwò ń bù kún ọjà, àwọn wọ̀nyí wá ń fi páálí yọ kúrò. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Òfin Íńdíà náà wà lẹ́yìn oníbàárà: ìwọ̀n ọjà nìkan ni ẹ̀ka ìjọba tó ń mójú tó òṣùwọ̀n ní kí wọ́n gbowó lé, wọ́n sì máa ń jáde lọ fìyà owó jẹ àwọn ṣọ́ọ̀bù bí ọdún bá ti ń súnmọ́.

Mo ti gbọ́ àlàyé àwọn tó ń tajà. Wọ́n ní owó làwọn náà fi ra páálí, pé oníbàárà ló ń fẹ́ èyí tó rẹwà, pé tí àwọn bá kọ “páálí: 40 rúpìì” sára ìwé owó, ariwo ló máa tẹ̀ lé e. Mo gbọ́, mi ò sì gbà. Kọ ọ́ síbẹ̀, kí ariwo náà wáyé. Ẹni tó bá fẹ́ páálí góòlù á sanwó rẹ̀, ẹni tó ń gbé e lọ jẹ nílé á mú pépà lásán. Àwọn ṣọ́ọ̀bù kan wà tó ń tẹ bọ́tìnnì òṣùwọ̀n padà sí òdo pẹ̀lú páálí lórí rẹ̀, lójú oníbàárà, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọn. Ìyẹn kì í ná wọn ní nǹkan kan. Ṣọ́ọ̀bù kan tí mo mọ̀ ní Kolkata tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, ìlà rẹ̀ máa ń dé ojú títì.

Kolkata rọrùn nínú ọ̀rọ̀ yìí, torí iye ni wọ́n fi ń ta sandesh (chhena tí wọ́n fi ṣúgà rò lórí iná) àti rasgulla púpọ̀: ẹyọ kan, iye báyìí. Kò sí òṣùwọ̀n, kò sí ìjà.

* * *

Ìbéèrè kúkúrú: “Ṣé fàdákà gidi ló wà lórí barfi?”

Bẹ́ẹ̀ ni. Vark ni wọ́n ń pè é, fàdákà tí wọ́n lù títí ó fi fẹ́lẹ́ débi pé èémí lè gbé e lọ. Láyé àtijọ́, àárín ìfun tàbí awọ ẹran ni wọ́n ti ń lù ú, ọ̀pọ̀ ẹni tí kì í jẹ ẹran kò sì mọ̀. Láti 2016, FSSAI, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ ní Íńdíà, ti fòfin de lílo ohunkóhun tó wá láti ara ẹran nínú ṣíṣe é. Ayédèrú tó wà níta, alumíníọ̀mù ni. Fi ìka méjì rà á: fàdákà á parẹ́ sí ọ lọ́wọ́, alumíníọ̀mù á ká jọ bíi kókó kékeré.

* * *

Mo sọ lókè pé wàrà àti ọjọ́ ni wọ́n ń tà. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ ló kàn.

Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 2020, FSSAI ti ní kí gbogbo ṣọ́ọ̀bù kọ ọjọ́ tí mithai tí wọ́n pàtẹ láìdì máa dára dé síwájú àwo kọ̀ọ̀kan. Àwọn oníṣòwò kékeré fi ẹ̀hónú hàn: àwo wa tó ogójì, ta ló fẹ́ máa kọ ọ́ láràárọ̀? Àwọn kan nínú yín náà gbè sẹ́yìn wọn níbí. Èmi ò gbè wọ́n. Nínú ìtọ́nisọ́nà àjọ náà, ọjọ́ tí wọ́n ṣe kalakand ló yẹ kí wọ́n jẹ ẹ́ tán. Rasgulla àti àwọn ará rẹ̀ láti Bengal, ọjọ́ méjì. Èyí tí wọ́n fi khoya ṣe, ọjọ́ mẹ́rin. Laddu, àdídùn roboto tí wọ́n fi besan (ìyẹ̀fun ẹ̀wà chana) àti ghee (òróró bọ́tà) ṣe, lè pẹ́ tó oṣù kan. Ẹni tó ń se nǹkan wọ̀nyí mọ ọjọ́ wọn lórí bí ẹni mọ orúkọ ọmọ. Kíkọ ọ́ kò nira. Ohun tó nira ni kí oníbàárà mọ̀ pé barfi tó wà níwájú òun ti lo ọjọ́ karùn-ún.

Ibí yìí gan-an ni èrè ti ń jò. Mithai tó ṣẹ́kù lálẹ́, ta ló ni í? Ṣọ́ọ̀bù kan wà tí mo rí tó ń fọ́ barfi àná, tó ń rò ó padà pẹ̀lú ìyẹ̀fun kókó àti ṣúgà, tó sì ń pàtẹ rẹ̀ bíi tuntun lórúkọ mìíràn. Ọ̀gá ibẹ̀ ní gbogbo èèyàn ló ń ṣe é. Kì í ṣe gbogbo èèyàn. Ẹni tó mọ iṣẹ́ á ṣe díẹ̀ láàárọ̀, á tún ṣe díẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Tó bá tán, ó tán. Oníbàárà á bínú, á sì tètè dé lọ́la.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀. Ní ìgbà òtútù, láti nǹkan bí oṣù kọkànlá títí dé oṣù kejì, ohun kan máa ń wọ Bengal tí wọ́n ń pè ní nolen gur, ṣúgà pupa tí wọ́n ń sè láti inú omi igi ọ̀pẹ déètì. Àwọn shiuli, ìyẹn àwọn tó ń dá a, á gun igi náà lálẹ́, wọ́n á sá ara rẹ̀, wọ́n á fi ìkòkò gba omi rẹ̀. Kí oòrùn tó mú, wọ́n ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀, wọ́n ti ń sè é, torí tí ọ̀sán bá ká a mọ́, ó ti kan. Sandesh tí wọ́n fi í ṣe a máa dùn pẹ̀lú òórùn èéfín díẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ á pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Àwọn kan ń tà á nínú oṣù kẹfà. Ọ̀pọ̀ nínú èyí tí mo tọ́ wò nígbà yẹn, lọ́fínńdà inú ìgò ni. Ẹ dúró de òtútù.

* * *

Ẹni tó ní kí n kọ bí èèyàn ṣe ń dá khoya ayédèrú mọ̀, ó rọrùn. Tí Diwali bá kù díẹ̀, wàrà kì í tó, ìyẹn ló ń mú kí wọ́n máa fi ìyẹ̀fun ọ̀dùnkún tàbí òróró ewébẹ̀ tó dì kún khoya. Bu díẹ̀, sè é nínú omi, jẹ́ kó tutù, kán omi áyódíìnì tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù oògùn sí i. Tó bá di búlúù, ìyẹ̀fun wà níbẹ̀. Ti òróró, àtẹ́lẹwọ́ ni: khoya gidi tí o bá fi ọwọ́ rà á máa ń ta sánsán wàrà àti ghee. Ní ti laddu tó yẹ́lò jù, tó ń tàn bíi ògiri tí wọ́n kùn, fi í sílẹ̀. Aró kan wà, metanil yellow, tí òfin kò gbà nínú oúnjẹ, ọjà kò sì tíì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

* * *

Àbúrò, mo ti rí ìdáhùn rẹ. O ní ọ̀rẹ́ rẹ sọ pé rasgulla ni òun fẹ́ fi ṣáájú torí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n, àti pé òun fúnra rẹ̀ kì í se nǹkan, pé òun máa gba karigar, oníṣẹ́ tó ń se mithai.

Karigar yẹn ni ṣọ́ọ̀bù náà. Ẹni tó mọ ìgbà tí omi ṣúgà fa okùn, tó mọ ìgbà tí wọ́n ti pò chhena tó, òun ni olówó gidi níbẹ̀, ó sì mọ̀. Mo ti rí ṣọ́ọ̀bù tó dára tí karigar rẹ̀ lọ sílé fún ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú Diwali, tí ọ̀gá ń ra mithai lọ́wọ́ aládùúgbò láti fi kún àwo rẹ̀. Bí ọ̀rẹ́ rẹ kò bá mọ ọ̀kan ṣoṣo ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, má kó owó rẹ síbẹ̀. Kó lọ kọ́ besan laddu àti pedha ná. Besan laddu kò fẹ́ wàrà rárá. Ìyẹ̀fun ẹ̀wà chana, ghee àti ṣúgà ni, iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú yíyan ìyẹ̀fun lórí iná jẹ́jẹ́ títí òórùn rẹ̀ á fi yí padà. Tó bá bà á jẹ́, àdánù rẹ̀ kéré. Tó bá ṣe é dáadáa, ó ní oṣù kan láti tà á. Rasgulla fún un ní ọjọ́ méjì, ní ìlú tí kò sí lára àṣà wọn.

Pune ni ẹ sì wà! Ọdún òrìṣà Ganesh ló ni ìlú yẹn. Ní oṣù kẹjọ tàbí ìkẹsàn-án, modak ni gbogbo ilé ń wá: ìyẹ̀fun ìrẹsì tí wọ́n fi àgbọn àti ṣúgà pupa sínú rẹ̀, tí wọ́n wá fi ooru omi sè. Àwọn obìnrin tó ń ṣe é nínú ilé wọn máa ń gba owó ṣáájú. Kò sí ṣọ́ọ̀bù, kò sí gíláàsì ìpàtẹ, kò sí èyí tó máa ṣẹ́kù torí ẹni tó máa jẹ ẹ́ ti sanwó rẹ̀ kí wọ́n tó pò ó. Bí mo bá jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ, ibẹ̀ ni màá ti bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ FSSAI, torí ẹni tó ń tà látinú ilé pàápàá gbọ́dọ̀ ní i.

Èyí tó kù kàn ọ́ ju bó ṣe kàn án lọ. O ní ìwé lò ń kà. Físà akẹ́kọ̀ọ́ kò fún ọ láyè láti ṣòwò ní Íńdíà, bẹ́ẹ̀ ni kò fún ọ láyè láti gbaṣẹ́. Bí orúkọ rẹ bá wọ inú ìwé ṣọ́ọ̀bù, ìwé tí o tìtorí rẹ̀ wá lè bọ́. Bí orúkọ rẹ kò bá wọ inú rẹ̀, owó rẹ wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn láìsí ẹ̀rí. Mi ò rí ọ̀nà kẹta. Tí o bá fẹ́ràn rẹ̀, yá a ní iye tí o lè pàdánù láìsunkún, kí ó kọ ìwé gbèsè fún ọ níwájú ẹlẹ́rìí, kí o sì jókòó tì í nígbà tó bá ń kọ́ laddu. Kí o tó san kọ́bọ̀, bi yunifásítì rẹ nípa físà náà, ní ọ́fíìsì tó ń mójú tó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti òkè òkun. Kọ ohun tí wọ́n bá sọ síbí, mo ṣì wà.